Bẹ́ ẹ ṣe máa mú ọmọ àti ìyá àgbà jáde ní Tokyo fún odindi ọjọ́ kan láìsí ẹkún

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í ṣe. Ẹ ti dé Tokyo, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ẹ ń kọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ lọ́la: Shibuya kẹ́ ẹ lè rí oríta tí èrò ń rọ́ gbà kọjá, Harajuku, Tokyo Tower, Asakusa, Odaiba, kẹ́ ẹ tún yà ní Akihabara lọ wo ẹ̀rọ. Ibi mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di aago 2 ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ ò tíì dé ju méjì lọ, ọmọ kékeré ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú sítéṣọ̀n ó lóun ò rìn mọ́, màmá àgbà ń wá ibi tí wọ́n máa fìdí lé, bàbá àti ìyá wá ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ lórí máàpù inú fóònù.

Bó ṣe rí fún wa gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi, ọkọ mi, ọmọ méjì (ọ̀kan ọdún mẹ́rin, èkejì ọdún mẹ́sàn-án), pẹ̀lú ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́. Nígbà tá a tún máa jáde, ohun kan ṣoṣo la yí padà: apá kan ìlú la dúró sí, a ò sọdá. Asakusa àti Ueno. Orí Ginza Line kan náà, ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, làwọn méjèèjì wà, bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni rélùwéè fi ń ti ọ̀kan dé èkejì. Bá a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí.

OHUN TẸ́ Ẹ MÁA KÓ DÁNÍ

- Pásípọ́ọ̀tù gbogbo yín. Òfin ibẹ̀ ni pé kí àlejò máa mú un rìn, ọlọ́pàá lè béèrè ẹ̀. Ó tún máa wúlò fún màmá ní ọgbà ẹranko, ẹ máa rí i níwájú.
- Kádì rélùwéè, ẹnì kan kádì kan (Ìgbésẹ̀ 2).
- Owó ìwé àti owó ẹyọ, pàápàá ẹyọ 100 yen. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kádì báńkì òkèèrè gbowó, ATM inú ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven máa ń gbà á.
- Fóònù tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, àti páwà-báǹkì. Máàpù tẹ́ ẹ máa ṣí láàárọ̀ dalẹ́ máa jẹ bátìrì yẹn tán.
- Ọ̀rá méjì fún ìdọ̀tí. Garawa ìdàlẹ̀nù ṣọ̀wọ́n gan-an ní ìgboro Tokyo, ẹ máa gbé pàǹtí yín délé ni.
- Aṣọ ìnuwọ́ kékeré. Omi àti ọṣẹ wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ohun tẹ́ ẹ máa fi nuwọ́ ni kì í sábà sí.
- Bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ má wọ bàtà tuntun, mo bẹ̀ yín. Ẹ máa rìn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.
- Páálí kékeré nínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì sí ní èdè Japan àti nọ́ńbà fóònù yín. Àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì á bá yín kọ ọ́.
- Ata gígún nínú ìgò kékeré tẹ́ ẹ bá lágbàlagbà lọ́dọ̀. Oúnjẹ Japan dùn, àmọ́ kò ta. Ṣùgbọ́n ẹ má di kìlíṣí tàbí ẹran gbígbẹ kankan láti ilé o, wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọlé ní pápá ọkọ̀ òfúrufú wọn, wọ́n máa gbà á.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ mú ọjọ́

Ọgbà ẹranko Ueno kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ Ueno náà kì í ṣí. Tí Mọ́ńdè bá wá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, wọ́n á ṣí lọ́jọ́ náà, wọ́n á wá tì í lọ́jọ́ kejì. Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í ṣe, torí wọn ò mọ ọjọ́ ìsinmi Japan, wọ́n á lọ lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n á bá géètì ní títì, ọmọ á wá bú sẹ́kún lẹ́nu géètì.

Ẹ yàgò fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù January, gbogbo ìlú ló máa ń dà sí Asakusa. Ìparí April sí ìbẹ̀rẹ̀ May náà rí bẹ́ẹ̀, ìsinmi ń tẹ̀ léra wọn lásìkò yẹn. Tó bá jẹ́ July tàbí August lẹ wà níbẹ̀, ooru ẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó máa ń ju dígíríì 30 lọ, ó tún máa ń rin gbindin bíi ti Èkó, ẹ gbé agbòòrùn àti omi fún màmá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ọjọ́ náà dáa: ẹ ṣí wẹ́bsáìtì ọgbà ẹranko náà, ẹ wo kàlẹ́ńdà ẹ̀, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ mú má sí lára àwọn tí wọ́n ní àwọn ò ní ṣí. Ẹ wo bóyá òjò máa rọ̀ pẹ̀lú. Ó parí.

ÌGBÉSẸ̀ 2: Kádì rélùwéè, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ má fi èyí di àárọ̀. Ó máa gba àkókò, èrò á sì ti wà lẹ́yìn yín.

Suica tàbí PASMO lorúkọ kádì tí wọ́n ń lò. Èyí tí wọ́n ṣe fún àlejò ni Welcome Suica, ẹ máa rí i rà ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Haneda àti Narita, ọjọ́ 28 ló ń lò, owó tó bá ṣẹ́ kù sínú ẹ̀ ò ṣeé gbà padà. Ẹ máa gbé kádì lé orí géètì tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ tún gbé e lé e tẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ̀rọ ló máa yọ owó fúnra ẹ̀, ẹ ò ní máa ṣírò iye tíkẹ́ẹ̀tì níwájú bọ́ọ̀dù tó kún fún nọ́ńbà.

Ti ọmọ ló yàtọ̀. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́fà kì í sanwó tó bá wà pẹ̀lú àgbà, àgbà kan lè mú méjì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, ìdajì owó ni. Torí náà kádì ọmọdé ni kẹ́ ẹ gbà fún un, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á torí wọ́n máa wo ọjọ́ orí ẹ̀.

Àṣìṣe mẹ́ta ló pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́, tọkọtaya á fẹ́ pín kádì kan lò. Kò ṣiṣẹ́, ẹnì kan ni kádì kan lè mú wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kejì á há síta. Ìkejì, ẹ máa lọ fowó sínú kádì, ẹ ò ní owó ìwé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn owó ìwé nìkan ló ń gbà, kádì báńkì yín ò wúlò fún un. Ìkẹta, ẹ ra kádì àgbà fún ọmọ, ẹ wá ń san ìlọ́po méjì láàárọ̀ dalẹ́.

Fún irú ọjọ́ yìí, 2,000 yen fún àgbà àti 1,000 fún ọmọ tó. Láti Asakusa sí Ueno, 180 yen ni tíkẹ́ẹ̀tì àgbà, 90 ni tọmọdé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ẹ lè fi ra omi nínú ẹ̀rọ tó ń ta mímu, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò ṣòro láti rí nígboro, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gba kádì yìí.

Ẹ dán an wò: tẹ́ ẹ bá gbé kádì ọmọdé lé géètì, ohùn ẹ̀ máa dún bíi ti òròmọdìyẹ, piyo piyo. Tó bá dún bíi ti àgbà, ẹ padà lọ bá òṣìṣẹ́ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ọmọ wa ọkùnrin fẹ́ràn ohùn yẹn débi pé òun ló ń sáré lọ síwájú ní gbogbo géètì.

ÌGBÉSẸ̀ 3: Ẹ jáde, ẹ wọ rélùwéè

Láti bí aago 7:30 sí 9:30 àárọ̀, rélùwéè Tokyo máa ń kún débi tí ọmọ kékeré ò ní rí nǹkan míì ju ìdí àgbàlagbà lọ. Ẹ kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì kó tó di aago 7. Mo mọ̀ pé ó tètè jù, àwa náà ráhùn, ṣùgbọ́n èrè ẹ̀ máa hàn nígbà tẹ́ ẹ bá dé Asakusa. Ẹ ra onigiri (ìrẹsì tí wọ́n dì pẹ̀lú ẹja tàbí nǹkan míì nínú) àti tíì ní ṣọ́ọ̀bù FamilyMart tàbí Lawson lọ́nà.

Ṣáájú kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ bá gbogbo ará ilé sọ̀rọ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tún un sọ fún yín: tí ilẹ̀kùn rélùwéè bá pa láàárín wa, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ máa sọ̀ ní sítéṣọ̀n tó tẹ̀ lé e, á dúró síbẹ̀, kò ní rìn kúrò. Ẹni tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn máa wọ èyí tó ń bọ̀, á wá bá a. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí díẹ̀ ni rélùwéè Ginza Line ń dé, ẹ ò ní pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí ara yín. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí àwọn méjèèjì máa wá ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọ̀ ọsàn ni àmì Ginza Line, lẹ́tà G ló wà nínú ẹ̀. G16 ni Ueno, G19 ni Asakusa, ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ má wulẹ̀ ka orúkọ, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ máa wò, ọmọ tó bá ti mọ nọ́ńbà á máa kà á fún yín.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí ó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: sítéṣọ̀n mẹ́rin ló ń jẹ́ Asakusa. Ti Ginza Line, àti ti rélùwéè mẹ́ta míì: Toei, Tobu, àti Tsukuba Express. Mẹ́ta sún mọ́ra, ti Tsukuba Express jìnnà sí wọn díẹ̀, ó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn tẹ́ńpìlì Senso-ji lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pàdé ẹnì kan, ẹ má sọ fún un pé "Asakusa" lásán, ẹ ní "Asakusa ti Ginza Line".

Nínú rélùwéè, wọn kì í fi fóònù sọ̀rọ̀, wọn kì í pariwo. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni máa bá yín jà, wọn ò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i lójú wọn. Ẹ kó kẹ̀kẹ́ ọmọ pọ̀ tí èrò bá pọ̀. Lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn, apá òsì ni kẹ́ ẹ dúró sí. Tí màmá ò bá lè gun àtẹ̀gùn, ẹ wá àmì lífítì lára bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó jáde ní géètì, kì í ṣe gbogbo ẹnu ọ̀nà ló ní lífítì, tẹ́ ẹ bá ti jáde níbi tí ò sí, ẹ máa yí po.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pẹ́ ẹ ti dé: ara ògiri kọ G19. Ẹ tẹ̀ lé bọ́ọ̀dù àwọ̀ ìyeyè tó kọ Exit 1 tàbí Kaminarimon. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ ka orí. Márùn-ún ni wá, mo máa ń kà á sókè ní géètì kọ̀ọ̀kan.

ÌGBÉSẸ̀ 4: Asakusa kí èrò tó dé

Kaminarimon túmọ̀ sí Ẹnu Ọ̀nà Àrá. Àtùpà pupa ńlá kan ló so rọ̀ láàárín ẹ̀, ó ga tó mítà 3.9, ó wúwo tó bí kílò 700. Òrìṣà méjì ló dúró sápá ọ̀tún àti òsì, ti afẹ́fẹ́ àti ti àrá. Èyí tó jẹ́ ti àrá, Raijin, ìlù ló yí i ká. Màmá dúró níbẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "Àrá àti ìlù? Ẹ ò rí i pé bíi ti Ṣàngó pẹ̀lú bàtá ni." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì Ṣàngó fún àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, láàárọ̀ kùtù, kò sí ariwo kankan. Tẹ́ ẹ bá dé ní aago 11, ẹ ò ní rí ibi dúró gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Torí ìdí yìí ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ tètè dé.

Ẹ wọlé, òpópónà Nakamise ló wà níwájú yín, nǹkan bíi mítà 250, ṣọ́ọ̀bù tò sápá méjèèjì. Wọn ò tíì ní ṣí láàárọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ya àwòrán sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn, àwọn ọmọ lè máa wò ó lọ títí dé tẹ́ńpìlì Senso-ji. Gbọ̀ngàn ńlá tẹ́ńpìlì máa ń ṣí ní aago 6 àárọ̀, láti October sí March aago 6:30 ni. Owó wíwọlé ò sí.

Ibi ìjọsìn ni o. Àwọn kan á ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ má gba iwájú wọn ya fọ́tò. Ìkòkò tùràrí ńlá kan wà níwájú, àwọn èèyàn máa ń fọwọ́ fẹ́ èéfín ẹ̀ sára. Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n fi ń ṣan ọwọ́ àti ẹnu, kì í ṣe omi mímu, ẹ mú ọmọ yín dání níbẹ̀. Omikuji náà wà, ìwé kékeré tó ń sọ bí ọ̀la èèyàn ṣe máa rí, 100 yen: ẹ mi àpótí irin títí igi kan tó ní nọ́ńbà á fi yọ, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ nọ́ńbà yẹn, ẹ mú ìwé. Tí ìwé náà bá sọ nǹkan tí ò dáa, wọ́n máa ń so ó mọ́ okùn tó wà níbẹ̀, wọn kì í gbé e lọlé. Àwa kò ṣe é torí ìgbàgbọ́ wa, a kàn dúró wò ó ni, kò sẹ́ni tó fúngun mọ́ wa. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bí ọkàn yín bá ṣe fẹ́.

Bí aago 10 ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ti ṣí. Ẹ padà gba Nakamise, ẹ ra ningyo-yaki, kéèkì kékeré tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa dídùn sínú ẹ̀. Ẹ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó rìn. Wọn ò fẹ́ kéèyàn máa jẹun rìn nínú òpópónà yẹn, ìdọ̀tí náà ẹ fún ẹni tó tà á fún yín.

Ẹ yẹ ara yín wò kẹ́ ẹ tó kúrò: ṣé gbogbo èèyàn ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀? Ṣé màmá ti jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Tí ọ̀kan ò bá tíì ṣẹlẹ̀, ẹ má tíì lọ.

ÌGBÉSẸ̀ 5: Wíwo ìlú látòkè láìsanwó, lẹ́yìn náà odò

Ẹ sọdá títì níwájú Kaminarimon. Ilé tó dà bí ilé onígi tí wọ́n tò léra wọn yẹn ni ibùdó ìsọfúnni fún àlejò ní Asakusa, Kengo Kuma ló ya àwòrán ilé náà. Aago 9 ló ń ṣí. Ẹ wọ lífítì lọ sí àjà kẹjọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa rí Nakamise látòkè dé tẹ́ńpìlì, ẹ máa rí Skytree, ilé gogoro tó ga fíofío, odò Sumida, àti nǹkan wúrà ràgàjì tó wà lórí ilé Asahi, iléeṣẹ́ ọtí bíà, tí gbogbo ọmọdé máa ń béèrè ohun tó jẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ wà nínú ilé náà. Èmi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń kọjá ilé yìí lọ láìwọ̀ ọ́.

Ẹ wá rìn lọ sétí odò. Sumida River Walk ni kẹ́ ẹ wá, afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá rélùwéè Tobu. 2020 ni wọ́n ṣí i. Bẹ́ ẹ ṣe ń rìn ni rélùwéè á máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pẹ́kípẹ́kí, gíláàsì wà nílẹ̀ láwọn ibì kan tẹ́ ẹ fi lè rí odò lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ọmọ ọdún mẹ́rin wa dùbúlẹ̀ lórí gíláàsì náà, kò fẹ́ dìde mọ́.

Láti ibẹ̀ dé ìdí Tokyo Skytree, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni. Mítà 634 ni gíga ẹ̀. Bóyá kẹ́ ẹ gùn ún àbí kẹ́ ẹ má gùn ún? Èrò tèmi: tí ojú ọ̀run ò bá mọ́ kedere, ẹ má náwó sí i, ìkùukùu lásán lẹ máa rí. Tó bá mọ́, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ó dín owó kù. Àjà tó wà ní mítà 350 tó fún ẹni tó mú ọmọ dání, kò pọn dandan kẹ́ ẹ sanwó kún un torí ti mítà 450. Àwa kò gùn ún, a dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀ a sì ń wò ó.

Tí ẹsẹ̀ màmá bá ti rẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ tó dé odò, ẹ wọ rélùwéè Tobu ní Asakusa, ibi àkọ́kọ́ tó bá dúró ni Tokyo Skytree.

ÌGBÉSẸ̀ 6: Oúnjẹ ọ̀sán, aago 11 ni

Mi ò ṣì í kọ. Aago 11, ó pẹ́ jù 11:30. Tó bá ti di aago 12, èrò á ti tò síta níwájú àwọn ilé oúnjẹ Tokyo, ọmọ tí ebi ń pa ò sì lè tò fún ìṣẹ́jú ogójì. Ilé ìtajà Solamachi wà lábẹ́ Skytree, ibi ìjẹun gbogbogbòò wà níbẹ̀ tí kálukú ti lè ra ohun tó wù ú, kẹ́ ẹ sì jọ jókòó sórí tábìlì kan. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló ń pàtẹ àwòrán oúnjẹ tí wọ́n fi rọ́bà ṣe síta, ó dà bí oúnjẹ gidi, ẹ kàn nawọ́ sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Fún màmá, oyakodon: ìrẹsì tí wọ́n da adìyẹ àti ẹyin lé lórí. Ata inú ìgò yẹn, ìgbà tó máa ṣiṣẹ́ nìyí. Màmá jẹ ẹ́ tán pátá, wọ́n béèrè orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọmọ, ẹ wá okosama lunch, àwo ọmọdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ yìí, buta. Ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, 豚 ni wọ́n ń kọ ọ́. Omi ọbẹ̀ ramen (núdù olómi) sábà máa ń ní in, gyoza (ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi fúláwà wé) náà, kódà kọ́rì máa ń ní in nígbà míì. Ilé oúnjẹ halal wà ní Asakusa, ẹ wá a lórí máàpù lálẹ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ìgbà tí ebi ti dé. Ẹni tó bá fẹ́ kírun, mọ́ṣáláṣí kan wà ní Okachimachi, ó sún mọ́ Ueno dáadáa.

Wọn kì í gba owó ìdúpẹ́ (tíìpù) lọ́wọ́ oníbàárà. Tẹ́ ẹ bá fi ṣénjì sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹni náà lè sáré tẹ̀ lé yín jáde láti dá a padà.

Ó ti yanjú tẹ́ ẹ bá ti jẹun tán kó tó di aago 12, tí omi sì wà nínú ìgò gbogbo èèyàn.

ÌGBÉSẸ̀ 7: Ueno, ẹ mú ẹyọ kan

Ẹ wọ Tobu padà sí Asakusa, ẹ jáde, ẹ wá wọ Ginza Line. Iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, torí náà ẹ máa jáde ní géètì kan kẹ́ ẹ tó wọ òmíì, ẹ má rò pẹ́ ẹ ṣìnà. Ẹ sọ̀ ní G16.

Ọgbà ìgbafẹ́ Ueno ní ọgbà ẹranko, ó ní mùsíọ́mù tó pọ̀, ó ní adágún omi Shinobazu tẹ́ ẹ ti lè háyà ọkọ̀ ojú omi tó rí bíi pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan.

Tí ọmọ bá kéré, ọgbà ẹranko ni. Àgbà 600 yen, ẹni ọdún 65 sókè 300 (pásípọ́ọ̀tù màmá nìyẹn), ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ kì í sanwó. Aago 9:30 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni, tó bá ti kọjá aago 4 wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé mọ́. Apá méjì ló pín sí. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ńlá wọ apá ìlà oòrùn, níbi tí erin, ìnàkí àti béárì wà, ẹ wá gba afárá sọdá sí apá ìwọ̀ oòrùn níbi tí àgùfọn àti erinmi wà, kẹ́ ẹ sì gba Benten Gate jáde. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní padà rìn ibi tẹ́ ẹ ti rìn. Àwọn ìwé ìrìn àjò àtijọ́ á sọ fún yín pé rélùwéè kékeré kan ń gbé èèyàn láti apá kan dé èkejì, 2019 ló ti dáwọ́ dúró, ẹ má fi ṣèlérí fún màmá. Kẹ́ ẹ má sì ṣèlérí panda fún ọmọ láìjẹ́ pẹ́ ẹ ti yẹ wẹ́bsáìtì ọgbà náà wò. Wọ́n ti dá panda padà sí Ṣáínà léraléra, ọmọ tẹ́ ẹ bá ti ṣèlérí fún ò ní gbàgbé.

Tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, tàbí tí òjò bá ń rọ̀, mùsíọ́mù sáyẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ lọ, National Museum of Nature and Science. 630 yen fún àgbà, ọmọ ilé ìwé títí dé girama kì í sanwó. Ère àbùùbùtán tó tóbi bíi ti gidi wà níta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí ọgbà ẹranko náà lè kọjá níbẹ̀ lọ wò ó láìsan nǹkan kan.

Ìdajì wákàtí lórí bẹ́ǹṣì kò pọ̀ jù. Ọkọ mi àti màmá jókòó, èmi àti àwọn ọmọ lọ wo erinmi, a padà wá bá wọn. Kò pọn dandan kí gbogbo yín jọ rìn ní gbogbo ìṣẹ́jú.

Tí ọmọ bá sọnù, ẹ wá òṣìṣẹ́ ọgbà, tàbí kóban, ilé ọlọ́pàá kékeré tó wà nígboro. 110 ni nọ́ńbà ọlọ́pàá, 119 ni ti áńbúláńsì àti panápaná.

Ẹ wo aago: tó bá ti di 4 ìrọ̀lẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, bí ọmọ tiẹ̀ ń bẹ̀ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.

ÌGBÉSẸ̀ 8: Pípadà sí hòtẹ́ẹ̀lì

Láti aago 5 sí 7 ìrọ̀lẹ́ èrò á tún ti kún rélùwéè. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè wọ rélùwéè kó tó di 4:30, tàbí kẹ́ ẹ jẹun alẹ́ ní Ueno kẹ́ ẹ wá lọ lẹ́yìn 7:30. Ìdílé tó bá ní ọmọ tí ò tíì tó ọdún márùn-ún, ẹ mú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá lágbára kù lè kọjá ní Ameyoko, ọjà tó wà lábẹ́ rélùwéè láàárín Ueno àti Okachimachi. Wọ́n ń pe oníbàárà bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́jà tiwa, ẹja, èso, bàtà, báàgì. Ara màmá tún yá níbẹ̀, wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ táwọn gbọ́ ohùn èèyàn láti àárọ̀ nìyẹn.

Tí kádì bá kọ̀ ní géètì, tí ilẹ̀kùn kékeré bá pa mọ́ yín níwájú, ẹ má dààmú, ó ṣeé ṣe kí owó ti tán nínú ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ Fare Adjustment wà nínú géètì kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ fi owó ìwé sí i, ẹ tún gbìyànjú.

Lálẹ́, kí àwọn ọmọ tó sùn, ẹ ṣí àpò wọn, ẹ kó ìdọ̀tí inú ọ̀rá dànù, ẹ ṣàyẹ̀wò pé kádì gbogbo èèyàn pé àti pé pásípọ́ọ̀tù ti padà síbi tó yẹ. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò kẹ́yìn ní Japan nìyẹn, ẹ fi owó tó ṣẹ́ kù nínú Welcome Suica ra nǹkan ní 7-Eleven. Ọmọ wa ọkùnrin fi tiẹ̀ ra jẹ́lì èso àjàrà mẹ́ta. Kádì náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ nílé.